Ẹran Tí A Wò, Ẹran Tí A Jẹ

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. A máa ń pa á fún àwọn ọmọ wa nígbà tí a bá fẹ́ kí wọ́n sọ òtítọ́ láìfi igbá bọ̀kan nínú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí à ń pa òwe yìí ní Minna ló ti fojú ara rẹ̀ rí erin? Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Sauka Kahuta ló mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹkùn àti ológbò inú igbó? Èdè wa kún fún ẹranko. Ìjàpá wà nínú àlọ́, àgbọ̀nrín wà lẹ́nu ọdẹ tó ń sun ìjálá, kìnnìún wà lẹ́nu oníwàásù, ọ̀bọ sì wà nínú èébú. Àwọn tó ni orúkọ wọ̀nyí gan-an, inú igbó tí a kò dé ni wọ́n wà, wọ́n sì ń dín kù.

Ìdí nìyí tí mo fi wà lẹ́yìn àwọn ẹbí tó máa ń kó ọmọ lọ wo ẹranko nínú igbó tí ìjọba dá sí. Sàfárì ni aráyé ń pè é. Ọ̀rọ̀ Swahili ni, ìrìn àjò ló túmọ̀ sí. Inú èdè Lárúbáwá ni àwọn Swahili ti mú un, àwọn Mùsùlùmí wa tó mọ ìrun safar kò sì ní ṣàì dá a mọ̀. Àwọn kan láàárín wa ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀ sí àṣejù. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wa kan ní ìpàdé pé, "Owó tí ẹ fẹ́ fi lọ wo ọ̀bọ, ẹ fi san owó ilé ìwé." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò sì ní já a ní koro. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kò dá lórí owó. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò nínú ìwé ìrántí ọdún yìí ni pé, ẹni tó bá lọ wo ẹranko nínú igbó ọba, tó gbádùn rẹ̀, tó ya fọ́tò, tó padà sílé, ǹjẹ́ ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè? Èmi gbà pé ó jẹ gbèsè, n ó sì sọ ẹni tó jẹ.

Kí n kọ́kọ́ dá bàbá wa lóhùn ní ṣókí pé wíwò ní èrè tirẹ̀. Ní ọdún 1953, mínísítà ètò ọ̀gbìn fún Àríwá Nàìjíríà, Alhaji Muhammadu Ngeleruma, rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Sudan, wọ́n sì mú un lọ wo igbó ẹranko kan lẹ́bàá odò Náílì Funfun. Ohun tó rí wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fẹ́ kí irú rẹ̀ wà nílé. Ní ọdún 1956, ìjọba Àríwá fọwọ́ sí i pé kí a ya igbó Yankari ní ilẹ̀ Bauchi sọ́tọ̀, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní ọdún 1962. Yankari yìí, tó ti wà lábẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Bauchi láti ọdún 2006, jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí erin ṣì wà ní Nàìjíríà. Bí mínísítà yẹn bá ti sọ pé kí ni òun fẹ́ fi wíwo ẹranko ṣe, bóyá òwe àjànàkú ì bá ti di òwe nípa ohun tí kò sí mọ́.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí èyí. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìtòsí. Ìpínlẹ̀ Niger àti Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n jọ ni igbó ẹranko Kainji, èyí tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ń jẹ́ Kainji Lake National Park. Ọdún 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀, igbó méjì ni wọ́n sì pa pọ̀: igbó Borgu, tí wọ́n ti fi òfin dè láti ọdún 1962, àti igbó Zugurma, tí wọ́n dè ní ọdún 1971. Adágún omi Kainji ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ náà lé ní 5,300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Èkó lódindi, pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, kò tó o. Borgu kì í ṣe àjèjì sí wa, ó kéré tán sí àwọn tó mọ ìtàn. Àwọn Ìbàrìbá ló dúró ti Aláàfin Olúewu nínú ogun Ẹlẹ́dùúwẹ̀, títí di ọdún 1991 sì ni Borgu wà lábẹ́ Kwara kí wọ́n tó gé e fún Niger. Àwọn ará Kwara tó wà nínú ẹgbẹ́ wa kò tíì gbàgbé.

Nínú odò Oli, tó gba inú igbó Borgu kọjá, ni erinmi ń gbé. Ìnàkí wà níbẹ̀, àti ìmàdò, àti oríṣiríṣi ẹran oníwo tí àwa ará ìlú ń pè ní àgbọ̀nrín lápapọ̀ nítorí pé a kò mọ orúkọ wọn mọ́. Kìnnìún náà wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 rí i pé Kainji àti Yankari nìkan ni kìnnìún kù sí nínú igbó Nàìjíríà, pé gbogbo èyí tó kù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi díẹ̀ lé ní 400, àti pé ti Nàìjíríà kò tó 50. Àwọn tó ń wá sí ìpàdé wa lóṣooṣù pọ̀ ju kìnnìún tí ìwádìí yẹn kà ní gbogbo Nàìjíríà lọ, bẹ́ẹ̀ a sì máa ń sọ pé èrò kò pọ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2009, ẹbí mẹ́fà nínú wa dá owó jọ, a gba bọ́ọ̀sì, a gba Bida àti Mokwa dé ọ̀hún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún irú ìrìn yìí, nítorí pé àwọn ìṣàn kéékèèké ti gbẹ, dandan ni kí ẹran wá sí odò ńlá, koríko sì ti jó tàbí kó ti kúrú, ojú á wá ríran jìnnà. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Àwọn ọmọ rí ìmàdò tó ń sáré tó na ìrù sókè bí eriali rédíò. Wọ́n rí erinmi, tàbí kí n sọ pé wọ́n rí ihò imú àti etí rẹ̀, nítorí pé ìyókù wà lábẹ́ omi. Kìnnìún kò jáde sí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá nínú iyanrìn, ọmọkùnrin kan sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kò kún un. Láti ìgbà náà, ọmọ yẹn kò bẹ̀rù kìnnìún inú ìwé mọ́; ó ní èyí tí òun rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ dúró kí a mu omi. Àwọn obìnrin wà lẹ́bàá títì tí wọ́n pàtẹ ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ti yan gbẹ, ọ̀yà àti èyí tó tóbi ju ọ̀yà lọ. Ìyá kan nínú wa rà, ó dì í sínú kúlà tí a fi gbé omi dídì lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ, wá bi í pé, "Màámi, ṣé ọ̀kan nínú àwọn tí a rí lánàá nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àríyànjiyàn tó tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá wa dé Bida, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà náà.

Alhaji kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ló dá ẹran fún ènìyàn, ohun tí Ó bá ṣe ní halali, ènìyàn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di haramu. Òtítọ́ ni. Ewúrẹ́ náà halali, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ aládùúgbò mi kì í ṣe tèmi. Kí n tó jẹ ẹ́, mo ní láti bi ara mi bóyá ẹni tó tà á fún mi ló ni ín. Igbó ọba ti ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì sọ pé ẹran inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo wa ni àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé mímọ́ méjèèjì tí à ń kà ní Sauka Kahuta kò wo ẹranko bí ohun ọbẹ̀ nìkan. Kùránì, nínú Súrà Al-An'ām, pe ẹranko àti ẹyẹ ní ìjọ bí irú tiwa. Òfin Mose, nínú Deuteronomi, sọ pé ẹni tó bá bá ẹyẹ lórí ọmọ nínú ìtẹ́ kò gbọdọ̀ kó ìyá pẹ̀lú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ ìkóra-ẹni-níjàánu. Èèwọ̀ wà nílé wa. Ilé kan kì í jẹ ẹran báyìí, ilé kejì kì í jẹ tọ̀hún. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò jẹ́ dá a pín, ààfin ni yóò gbé e lọ. Kò sí ẹni tó ń pe èèwọ̀ ilé rẹ̀ ní àìmoore sí Ọlọ́run.

Obìnrin oníṣòwò kan ní ẹran náà ti kú, àìrà á kò lè jí i dìde. Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu lẹ́nu oníṣòwò. Ta ni kò mọ̀ pé ọjà tó tà tán lónìí ni wọ́n ń tún lọ kó lọ́la? N kò ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ló le, tíṣà kan ló sì sọ ọ́. Ó ní, "Ọdẹ yìí ní ebi ń pa ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ìjọba gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní owó bọ́ọ̀sì lọ ń kọ́ ọ ní ìwà!" Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni gbèsè tí mo ń wí wà.

Ìyà tó jẹ àwọn ènìyàn Borgu kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìdídò Kainji, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1968, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò nílé wọn kí omi tó bò ó. Bussa àtijọ́, ibi tí odò gbé òyìnbó tó ń jẹ́ Mungo Park lọ ní ọdún 1806, wà nísàlẹ̀ omi títí di òní. New Bussa ni èyí tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀. Iná tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń pe Niger ní Ìpínlẹ̀ Iná, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sí nọ́ńbà ọkọ̀. Lẹ́yìn tí odò ti lọ fún iná, igbó tún lọ fún ẹranko. Ọkùnrin tí baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀ ń dẹ igbó Oli sùn gẹ́gẹ́ bí ọdẹ, ó jí gẹ́gẹ́ bí arúfin. Kò sí ohun tó ṣe ju pé ó ṣe ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Tanzania, Serengeti tí gbogbo ayé ń wọkọ̀ òfurufú lọ wò di igbó ọba ní ọdún 1951, ní ọdún 1959 sì ni àwọn Maasai tó ń da màlúù níbẹ̀ láti ayébáyé kó jáde lọ sí Ngorongoro. Nínú fọ́tò tí àwọn àlejò ń yà, ẹnikẹ́ni kì í rí ibi tí agbo wọn wà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà tíṣà yìí kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé wa dé. Nígbà tí mo san owó ẹnubodè, mo ti bá ìjọba fọwọ́ sí i pé kí ọdẹ yẹn fi ẹran náà sílẹ̀ kí èmi lè wò ó. Bí mo bá wá dúró lójú títì ní ọjọ́ kejì, tí mo nawó sí ẹran tí a pa nínú igbó kan náà, èmi kan náà ló ní kó má pa á, èmi kan náà ló ń sanwó kó pa á. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹnì kan, òun ni. Òun ni ẹ̀ṣọ́ yóò lé nínú igbó lóru, òun ni wọ́n ó gbé lọ sí kóòtù, èmi á sì ti dé Minna, n ó ti gbé ìkòkò kaná. Èyí kì í ṣe àánú aláìní. Mo ti fi ẹ̀bi gbogbo lé e lórí, mo sì ti mú adùn méjèèjì, ti ojú àti ti ẹnu. Ohun tí mo ń pè ní gbèsè nìyí. Ẹni tó yááfì ohun tó ní kí n lè rí nǹkan wò, ohun tó kéré jù tí mo lè ṣe ni pé kí n má sọ ọ́ di olè nítorí ọ̀fun mi.

Bí èyí kò bá tíì yé wa, ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Àwa náà ní igbó ọba nílé. Òkìtì àlàpà Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí Aláàfin ń jókòó kí ogun tó tú ìlú ká láyé àwọn baba ńlá wa, inú Old Oyo National Park ló wà báyìí. Ilẹ̀ náà tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sì gbé e sí ipò tó wà. Àgbọ̀nrín ń jẹ koríko lórí ibi tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Ká ní àlejò kan ti òkè òkun tàbí ti ìlú mìíràn wá síbẹ̀, ó san owó ẹnubodè, ó yọ fìlà, ó gbọ́ ìtàn wa, ó mi orí, ó wá dé ẹ̀yìn odi, ó fi owó fa ojú ọmọ abúlé kan pé kó lọ bá òun hú àfọ́kù ìkòkò ààfin jáde lóru. Ṣé a ó sọ pé ó ran ọmọ náà lọ́wọ́? Èmi mọ orúkọ tí bàbá wa tó ní kí a má lọ wo ọ̀bọ yóò pè é.

Àlejò ni wá ní Niger. Orúkọ àdúgbò wa gan-an ń rán wa létí, nítorí pé Sauka Kahuta lédè Haúsá ni "sọ̀ kalẹ̀, kí o sinmi." A sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Àwọn mìíràn nínú wa ti lo ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ yìí, a ti ra ilẹ̀, a ti kọ́ ilé, a ti fi ọmọ fọ́kọ. Síbẹ̀ ọ̀nà ọ́fíìsì, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà Ìlọrin nìkan ni púpọ̀ nínú wa mọ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ilẹ̀ tó gbà wá, igbó rẹ̀ wà lára rẹ̀, àwọn tó ń gbé etí igbó náà sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú.

N kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà Kainji báyìí o. Àwọn agbébọn ti sọ apá kan igbó náà di ibùba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mahmuda, àwọn tó fi àyíká ibẹ̀ ṣe ibùjókòó; ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé kó ní Papiri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Agwara. Ẹ̀mí ọmọ kan ju gbogbo erinmi inú odò Oli lọ. Àwa lè jókòó sílé títí ọ̀nà yóò fi dára. Àwọn ará abúlé tí igbó náà yí ká kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń gba owó oṣù táṣẹ́rẹ́ bíi tiwa, èmi òṣìṣẹ́ ìjọba ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún Niger ní ìpàdé, ó yẹ kí a máa dárúkọ wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yóò tún là, ìgbìmọ̀ ìgbafẹ́ wa yóò sì tún gbé ìwé dídá owó kiri. Ohun tí mo fẹ́ kí a fẹnu kò lé lórí kí ọjọ́ náà tó dé kò pọ̀. Kí kúlà tó gbé omi lọ padà láìsí ẹran ìgbẹ́ nínú rẹ̀. Kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ra ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń tà tí kò fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n: òrí, oyin, iṣu, ìrú. Kí a gba ọmọ ibẹ̀ kan tó mọ igbó láti bá wa rìn, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́, kí a sì san owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdẹ, á tún dára jù, nítorí pé òun ni yóò mọ orúkọ gbogbo ẹran oníwo wọ̀nyẹn tí à ń pè ní àgbọ̀nrín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti òrí, igbá kan ni ìyàwó mi rà ní Wawa ní ọdún 2009, ó sì tó wa lò di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì.